Kẹ̀kẹ́ Kò Ní Ilẹ̀kùn

Bí wọ́n bá dárúkọ Ọlábísí Àjàlá létí ọmọ Yorùbá tó ti dàgbà díẹ̀, ìrìn àjò ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, pàápàá nítorí pé Ebenezer Obey fi orúkọ rẹ̀ kọrin. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé kẹ̀kẹ́ ológeere ló kọ́kọ́ sọ ọkùnrin náà di ẹni àpéwò. Ní ọdún 1952, nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles, ìrìn tó lé ní 2,000 máìlì. Aṣọ ìbílẹ̀ Yorùbá ló wọ̀, kí àwọn ará ibẹ̀ lè mọ̀ pé ọmọ Áfíríkà ní aṣọ lọ́rùn, ó sì ní àṣà.

Kẹ̀kẹ́ tó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ í ṣe. Ẹni tó wà nínú mọ́tò lè yí gíláàsì sókè, kí ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Kẹ̀kẹ́ kò ní ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ń dá gùn ún lọ wà lójú gbogbo ayé: ọmọdé tó ń sáré tẹ̀ lé e, ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, ọlọ́pàá tó ń wá ẹni tí yóò dá dúró. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí ló wà.

Ẹ wá mú ọ̀rọ̀ náà wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Monrovia, olú-ìlú Liberia, wá sí Èkó, oṣù tí yóò gbéra ni yóò kọ́kọ́ rò, nítorí òjò tó ń rọ̀ ní Monrovia lọ́dún kan ju ìlọ́po méjì ti Èkó lọ. Àfi kó dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Yóò di àgọ́, àwọ̀n ẹ̀fọn, páńpù àti tíúbù mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, yóò gba Paynesville jáde, yóò sì kọjá Kakata àti Gbarnga títí dé Ganta.

Ní ti oorun, ẹni tó gbọ́n kì í pàgọ́ sínú igbó láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Baálẹ̀ abúlé ni yóò wá lọ. Baálẹ̀ yóò bi í pé ta ni, níbo ló ti ń bọ̀, níbo ló ń lọ. Bí ó bá ti gbà á, gbogbo abúlé ti gbà á nìyẹn. Wọn yóò fi kànga hàn án, wọn yóò sì fún un níbi tí yóò pàgọ́ sí. Abèèrè kì í ṣìnà.

Lẹ́yìn Ganta, kí ó tó dé bodè Côte d'Ivoire, yóò kan Sanniquellie. Ìlú yìí ni Tubman ti Liberia, Nkrumah ti Ghana àti Sékou Touré ti Guinea ti pàdé ní oṣù keje ọdún 1959, tí wọ́n jíròrò lórí ìṣọ̀kan Áfíríkà. Ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà, bí ìwé rẹ̀ bá ti pé.

Ẹ wo bí òfin yẹn ti rí lójú ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Mamadou Safaiou Barry, ọmọ ọdún 25 láti Guinea tó bá Liberia pààlà, gun kẹ̀kẹ́, ó dorí kọ Íjíbítì, nítorí ó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Al-Azhar, kò sì lówó ọkọ̀ òfúrufú. Ó gba Mali, Burkina Faso, Togo, Benin àti Niger kọjá. Ó sọ fún BBC pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti òun mọ́lé láìnídìí, ẹ̀ẹ̀mejì ní Burkina Faso, ẹ̀ẹ̀kan ní Togo. Inú ECOWAS ni gbogbo wọn wà nígbà náà. Chad, tí kò sí nínú ECOWAS rárá, ni ìrànlọ́wọ́ ti bá a: akọ̀ròyìn kan gbé ìtàn rẹ̀ jáde, àwọn aláàánú sì sanwó ọkọ̀ òfúrufú rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ó dé Cairo, Al-Azhar sì fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́.

Òótọ́ ni pé ẹ̀rù àwọn aṣọ́bodè kò ṣàìnídìí. Láti Côte d'Ivoire ni àwọn ọmọ ogun Charles Taylor ti wọ Liberia ní oṣù kejìlá ọdún 1989. Ọdún 2003 ni ogun tó parí pátápátá, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó bá ECOMOG lọ síbẹ̀ kò sì padà wálé. Nàìjíríà pẹ̀lú kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ lílé àjòjì. Ghana lé ọ̀pọ̀ Yorùbá jáde ní 1969. Nígbà tó di 1983, tí òfin ECOWAS ti wà nílẹ̀, Nàìjíríà lé ọ̀pọ̀ ará Ghana.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́ta tí baálẹ̀ ń bi àlejò náà ni aṣọ́bodè ń bi í. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé baálẹ̀ a máa gba èsì, a sì máa bu omi fún un. Ẹni tí kò ka òfin 1979 rí ló ń pa á mọ́. Ẹni tí ìjọba ń sanwó fún láti pa á mọ́ ló ń ti àlejò mọ́lé. Kí ìjọba kọ òfin náà sára ògiri bodè kọ̀ọ̀kan, ní èdè tí onílé àti àlejò gbọ́. Bí ẹ̀yin náà bá sì rí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ kan tó dá ẹrù dì sẹ́yìn, tó ń gba ìlú yín kọjá, ẹ kọ́kọ́ fún un lómi, kí ẹ tó bi í pé níbo ló ń lọ.