Ohùn Àwọn Àgbà Kì Í Ṣe Pàǹtírí

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan jáde tí kò yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Àkántì tí ẹgbẹ́ ń lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti kún. Lẹ́tà kò wọlé mọ́, fọ́tò kò gòkè mọ́, ìkìlọ̀ sì ń jáde lójú fóònù akọ̀wé láràárọ̀. Ẹnìkan dìde, ó ní kí a pa gbogbo fídíò àtijọ́ rẹ́, nítorí pé àwọn ló gba ààyè jù. Ẹlòmíràn ní kí a kúkú máa sanwó lóṣooṣù, kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì. Àwa kò pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni, a sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Kí ló wà nínú àwọn fídíò àtijọ́ náà? Ìyá àgbà kan ló wà níbẹ̀, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Tchaada, tó ki oríkì ìdílé ọkọ rẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú láìdúró, àfi ìgbà tó bu omi mu. Orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń fún epo pupa kí ẹ̀rọ tó dé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló gbà wọ́n sílẹ̀ ní àkókò ìsinmi, pẹ̀lú fóònù tí bátìrì rẹ̀ kò lágbára. Ìyá náà ti papò dà. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan náà yìí ni UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ó jẹ́ ohun ìní gbogbo ayé, tí wọ́n sì fi orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò sí i lábẹ́. Ayé ń bọlá fún un, àwa tí a ni ín sì ń wá ẹni tí yóò bá wa tẹ bọ́tìnnì tí yóò pa á rẹ́.

Lẹ́yìn ìpàdé, a jókòó pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ méjì, a sì wo inú àkántì náà dáadáa, ohun tí kò sí ẹni tó ti ṣe rí. Kì í ṣe ohùn àwọn àgbà ló gba ààyè jù. Fídíò ìgbéyàwó kan ṣoṣo ni, tí ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gbé sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Àwòrán «Bonne année» tó gba orí WhatsApp wọlé ló tẹ̀ lé e, pẹ̀lú òdòdó àti àdàbà, láti ọdún dé ọdún. Lẹ́yìn náà ni fọ́tò àga òfìfo ní gbọ̀ngán ìpàdé, tí a kò mọ ẹni tó yà á tàbí ohun tó ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ọ̀rọ̀ ààyè yìí ṣe rí, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa ń bá a jà láìmọ̀ ọ́n. Gígà 15 ni Google ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Apple ń fúnni ní gígà 5. Gígà 15 náà, ilé kan ṣoṣo ni, tí lẹ́tà Gmail, ìwé inú Drive àti fọ́tò jọ ń gbé. Láti ọdún 2015 ni Google ti ń gba fọ́tò tí wọ́n bá dín didára rẹ̀ kù láìkà á mọ́ ààyè ẹni. Títí di òpin oṣù karùn-ún ọdún 2021, kò sí òǹkà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. A kò bínú sí oníṣòwò. Ẹni tó bá ti nájà ní Igolo mọ ìyá ọlọ́jà tó ń fi èènì kún ọjà títí ẹsẹ̀ ẹni yóò fi mọ ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀. Ìbínú wa wà fún ara wa, tí a ya igun kékeré nínú ìsọ̀ olówó, tí a sì ń pè é ní àká bàbá wa.

Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2023, Google lè pa àkántì tí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí fún ọdún méjì rẹ́, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Àkántì tó bá sì kún kọjá ààlà fún ọdún méjì, wọ́n lè pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ bákan náà. Ẹ wo ẹgbẹ́ wa: akọ̀wé tó dá àkántì sílẹ̀ ti lọ sí Cotonou, ọ̀rọ̀ aṣínà wà lórí rẹ̀ nìkan. Ilé iṣẹ́ ńlá náà sì lè ṣe àṣìṣe. Ní ọdún 2019, MySpace, tó jẹ́ ìlú ńlá fún àwọn olórin nígbà kan, jẹ́wọ́ pé orin, fọ́tò àti fídíò tí àwọn ènìyàn kó sọ́dọ̀ àwọn ṣáájú ọdún 2016 ti ṣòfò nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù láti inú ẹ̀rọ kan sí òmíràn.

Ẹni tó ní kí a sanwó, a kò sọ pé kò gbọ́n. Àmọ́ káàdì ta ni a ó fi san án? Orúkọ ènìyàn kan ni yóò wà lórí rẹ̀. Bí ẹni náà bá ṣí lọ, tàbí tó bá ẹgbẹ́ jà, ìgbà yẹn ni a ó mọ̀ pé owó lóṣooṣù kì í tán, àti pé bí a bá dẹ́kun sísan, a tún ti kọjá ààlà nìyẹn. Ọ̀nà tó lọ sí àká náà pàápàá kì í ṣe tiwa. Ní ọdún 2018, ìjọba fi owó orí sẹ́fà 5 sórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan fún Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, sẹ́fà 5,000 lórí gígà kan. Ariwo aráàlú ló jẹ́ kí wọ́n fagi lé e ní oṣù Kẹsàn-án. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun já ní etíkun Ivory Coast, íńtánẹ́ẹ̀tì sì ṣàárẹ̀ láti ibẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ohùn ìyá àgbà wà lókè, àwa wà nísàlẹ̀.

Ní ti píparẹ́, a ti rí i ná. Nínú àpò fọ́tò orí fóònù, ọ̀rọ̀ méjì jọra létí ọmọdé: «Libérer de l'espace» àti «Supprimer». Ti àkọ́kọ́ ń kó ohun tó ti gòkè kúrò nínú fóònù nìkan. Ti èkejì ń pa á rẹ́ lókè àti nísàlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tẹ ti àkọ́kọ́ kí fóònù rẹ̀ lè mí. Ní oṣù kejì, ẹlòmíràn wọ àkántì, ó gbá òkè mọ́. Kò sí ohunkóhun lókè, kò sí ohunkóhun nísàlẹ̀. Ọgọ́ta ọjọ́ ni ohun tí a pa rẹ́ níbẹ̀ ń wà nínú apẹ̀rẹ̀ ìdàlẹ̀nù kó tó lọ pátápátá. Àwa kò béèrè títí ọgọ́ta ọjọ́ fi kọjá. Ìtàn bí ìdílé kan ṣe tẹ̀dó ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó sọ ọ́ kò sì lè sọ ọ́ mọ́. Ẹ̀bi àwa olùkọ́ ni, kì í ṣe ti ọmọ náà.

Nítorí náà, pàǹtírí ni kí a kọ́kọ́ wá, kì í ṣe fídíò tó gùn. Nínú Gmail, bí a bá kọ larger:10M sí ibi ìwákiri, lẹ́tà tó wúwo yóò jáde fúnra rẹ̀. Drive lè to fáìlì láti orí èyí tó tóbi jù. Ohun tí a bá sọ sínú corbeille Drive ṣì ń gba ààyè títí a ó fi dà á nù, àìmọ èyí ló sì ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé àwọn ti pa nǹkan rẹ́ tí kò sì yí padà. Ohùn àwọn àgbà ní tirẹ̀, kí a dà á kọ sórí dísìkì méjì, ọ̀kan ní ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀kan nílé alága, kí ẹ̀dà kẹta wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí bébà sì bá dísìkì kọ̀ọ̀kan rìn: ta ló sọ̀rọ̀, níbo, ọjọ́ wo, ta ló gbà á sílẹ̀. Dísìkì ń kú, a mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, kí a sì ṣí wọn wò lọ́dọọdún. Owó wọn kò tó owó aṣọ ẹgbẹ́ tí a dá lọ́dún tó kọjá, tí àwọn kan kò tíì rán.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kí a kúkú gbé gbogbo rẹ̀ sórí YouTube, tí kì í jẹ nínú gígà 15. Òótọ́ ni pé kì í jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá náà ń ki oríkì, àwọn ọmọ tó jókòó níwájú rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá gbogbo ayé lè gbọ́. Àwọn orin kan sì wà tí àwọn tó ni wọ́n kò fẹ́ kó jáde kúrò ní agbo. Ìyẹn tún jẹ́ ìdí tí dísìkì inú àpótí fi ní iṣẹ́ tí òkè kò lè ṣe.

Lórenzo Dow Turner, onímọ̀ èdè, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ lọ sí Bahia ní Bùràsíìlì ní ọdún 1940 àti 1941. Ó gba ohùn àwọn ọmọ wa tí ẹrú gbé lọ síbẹ̀ sílẹ̀ sórí àwo. Títí di òní, àwọn àwo náà wà ní Yunifásítì Indiana, wọ́n sì ṣeé gbọ́. Ẹnìkan ló ń tọ́jú wọn, tó kọ orúkọ sí wọn lára, tó sì ń dà wọ́n kọ bí ẹ̀rọ ṣe ń yí padà.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, a ó dá a lábàá pé kí ẹnikẹ́ni má pa ohunkóhun rẹ́ nínú àkántì ẹgbẹ́ títí a ó fi ka àkójọ ohun inú rẹ̀ sókè létí gbogbo wa. A ti bẹ̀rẹ̀ àkójọ náà, a wà ní ojú ewé kẹrin. Ohùn bàbá kan wà níbẹ̀ tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀: ó ń sọ̀rọ̀ nípa odò kan àti igi ìrókò kan tí wọ́n gé, ó sì ń wú díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá rò pé bàbá òun ni, kó wá gbọ́ ọ ní kíláàsì wa lọ́sàn-án Ọjọ́rú.