“Ó Ṣáà Ń Ṣiṣẹ́” Kì Í Ṣe Àyẹ̀wò

Gbólóhùn kan wà tó wọ́pọ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Chicago àti àwọn ìlú olótùútù mìíràn ní Amẹ́ríkà. Bí òtútù bá ti ń bọ̀, tí ẹnìkan sì béèrè ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀rọ amúlégbóná wò gbẹ̀yìn, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé, “Ó ṣáà ń ṣiṣẹ́.” Gbólóhùn yìí tu ni lára, ṣùgbọ́n àwáwí ni, àwáwí náà sì lè pa odidi ìdílé mọ́ ojú oorun.

Inú àjà ilẹ̀ tàbí kọ́lọ́fín ilé ni ẹ̀rọ náà, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní furnace, sábà máa ń wà. Gáàsì ni ó ń jó. Iná rẹ̀ a mú irin kan gbóná. Fáànù a fa afẹ́fẹ́ tútù láti inú ilé, a fẹ́ ẹ kọjá lára irin gbígbóná náà, a sì tì í lọ sí gbogbo yàrá. Èéfín iná ní ọ̀nà tirẹ̀: inú irin náà ló ń gbà, páìpù ló sì ń gbé e jáde síta. Láàrin afẹ́fẹ́ tí àwọn ènìyàn ń mí àti èéfín tó lè pa wọ́n, ògiri irin tínínrín kan ṣoṣo ló wà.

Kí afẹ́fẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ fáànù, ó gbọ́dọ̀ gba inú asẹ́ kan kọjá. Asẹ́ yìí ló ń gba eruku, irun àti ìdọ̀tí mìíràn dúró. Bí ó bá dí, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà kọjá dáadáa, irin náà yóò sì gbóná kọjá ààlà. Ẹ̀rọ náà lè pa iná ara rẹ̀ bí ooru bá pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń tàn, tí ó sì máa ń kú léraléra. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ “ṣáà ń ṣiṣẹ́” lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irin tó ń gbóná jù lọ́dọọdún lè sán. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Bí ògiri irin yìí bá lanu, tàbí tí páìpù èéfín dí tàbí já, ohun tó burú ju aláǹgbá lọ ni yóò wọlé.

Orúkọ rẹ̀ ni carbon monoxide. Òwe ní èéfín ni ìwà, rírú ní í rú; ṣùgbọ́n èyí kì í rú sójú táyé. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ni lójú. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, títí ọ́síjìn kò fi ní rí ààyè mọ́. Orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀ ni àmì rẹ̀. Bí orí ẹni bá ń fọ́ nínú ilé, tí ó ń fúyẹ́ níta, tí ó tún padà dé bí ó bá ti wọlé, kí ó má wulẹ̀ máa fura sí ibà tàbí aráyé. Ẹ̀rọ inú ilé ni kí ó kọ́kọ́ fura sí. Àjọ CDC ti ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé ó lé ní 400 ènìyàn tí gáàsì yìí ń ṣèèṣì pa lọ́dọọdún láìjẹ́ pé ilé jó, àti pé ó lé ní 100,000 tó ń dé ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì nítorí rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rọ amúlégbóná nìkan ló ń fà á, ṣùgbọ́n ó wà lára wọn.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ọmọ Yorùbá mọ gáàsì yìí. Ta ni yóò gbé jẹnẹrétọ̀ sínú pálọ̀ ní Ìbàdàn tí àwọn aládùúgbò kò ní pariwo lé e lórí? Ṣùgbọ́n bí onítọ̀hún bá dé Amẹ́ríkà, ó gbà pé ẹ̀rọ òyìnbó tí kì í pariwo kò lè ṣe ibi. Gáàsì kan náà ni. Kò mọ ìyàtọ̀ láàrin Mushin àti Chicago.

Àwáwí kejì ni owó àti àkókò. Òótọ́ ni pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ méjì lójúmọ́ kò ráyè. Ṣùgbọ́n asẹ́ kò wọ́n, pípààrọ̀ rẹ̀ kò sì gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọn a pa ẹ̀rọ, wọn a fa asẹ́ tó dọ̀tí yọ, wọn a wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí etí rẹ̀, bíi 16 x 25 x 1 ínṣì, wọn a sì fi irú rẹ̀ gan-an rọ́pò, kí ọfà ara rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà ẹ̀rọ. Ètò Energy Star ti ìjọba Amẹ́ríkà dá a lábàá pé kí wọ́n máa wò ó lóṣooṣù, kí ó má sì ju oṣù mẹ́ta lọ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Ti irin, iná àti páìpù, iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ọ ni, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí òtútù tó dé. Òun ni yóò mọ̀ bóyá ọwọ́ iná náà ṣì jẹ́ àwọ̀ ojú ọ̀run, tàbí ó ti ń pọ́n.

Àwọn onílé ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù. Láti 2007 ni òfin ìpínlẹ̀ Illinois ti pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ atanilólobó nípa gáàsì yìí wà láàrin ẹsẹ̀ bàtà 15 sí gbogbo yàrá tí ènìyàn ń sùn sí, onílé ló sì gbọ́dọ̀ pèsè rẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí olè bá ti wọlé ni ajá yìí máa ń gbó. Òfin Britain ti 1998 ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní kí onílé mú ẹni tí òfin mọ̀ wá yẹ ẹ̀rọ gáàsì ilé rẹ̀ wò ní oṣù 12 síra, kí ó sì fún ayálégbé ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Kí ló dé tí onílé ọmọ Yorùbá ní Chicago yóò fi dúró de irú òfin bẹ́ẹ̀ kí ó tó ṣe ohun tó tọ́? Ẹni tó ń gba owó ilé lọ́wọ́ ọmọ ìlú rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó mọ̀ pé ẹ̀rù kò ní jẹ́ kí onítọ̀hún sọ̀rọ̀, kí ó rántí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí òtútù tó tún dé, kí gbogbo ayálégbé béèrè lọ́wọ́ onílé rẹ̀, kí àwọn òbí tó wà nílé náà sì béèrè lórí fóònù lọ́wọ́ ọmọ wọn: ọjọ́ wo ni wọ́n yẹ ẹ̀rọ yẹn wò gbẹ̀yìn? Bí èsì bá jẹ́ “ó ṣáà ń ṣiṣẹ́,” a jẹ́ pé wọn kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò.