Fóònù Nìkan Kò Tó Lórí Ọ̀sà

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi àti ẹ̀yin tíṣà wa, ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀: kò yẹ kí ọkọ̀ èrò kankan kúrò ní èbúté Ìjẹ̀dẹ̀ lọ sí Badore láìjẹ́ pé wókì-tókì wà lọ́wọ́ awakọ̀ rẹ̀. Mi ò ní fóònù o, wókì-tókì ni mo wí. Nígbà tí mo sọ ọ́ ní kíláàsì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ sọ awakọ̀ di mẹ́gáàdì ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ná.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Èèyàn á máa fóònù látìgbà tó ti wọ ọkọ̀, bí ọkọ̀ bá ti dé àárín omi, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í já, “hẹlóò, hẹlóò,” ó tán. A á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti bàjẹ́. Nígbà míì, kò bàjẹ́ rárá. Gbogbo òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Tá a bá ti ń kúrò níbẹ̀, òpó mìíràn ló gbọ́dọ̀ gbà wá. Lórí ilẹ̀, ilé àti igi máa ń dí òpó tó jìnnà lọ́nà, ìdí nìyẹn tí fóònù fi tètè ń mọ èyí tó sún mọ́ ọn. Lórí ọ̀sà, kò sí ilé, kò sí igi. Òpó tiwa ń dé ibẹ̀, ti òdìkejì náà ń dé ibẹ̀, agbára wọn sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Fóònù á wá máa bọ́ síhìn-ín, bọ́ sọ́hùn-ún, bí ẹni tí ìyá méjì ń pè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ rántí eré ìje tí wọ́n ti ń gba igi lọ́wọ́ ara wọn nígbà inter-house sports. Nínú GSM, tó dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, kì í ṣe ẹni tó ń sáré ló ń pinnu ìgbà tí igi máa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Tí ìpè bá ń lọ lọ́wọ́, fóònù á máa wọn agbára òpó tó ń lò àti ti àwọn aládùúgbò rẹ̀, mẹ́fà tó lágbára jù, á sì máa ròyìn fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí ìgbà méjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló máa sọ pé, “Ó yá, bọ́ sí tọ̀hún.”

Wókì-tókì ìgbàlódé tó ń lo òpó, irú TETRA tí àwọn ọlọ́pàá Britain ń lò, kò rí bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dá pinnu. Á máa tẹ́tí sí àwọn òpó tó yí i ká, á fi wọ́n wé èyí tó wà lórí rẹ̀, tó bá sì rí i pé ọ̀kan dára jù fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á ṣí lọ síbẹ̀, á sọ fún òpó tuntun pé òun ti dé àti pé ẹgbẹ́ báyìí lòun wà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ìdúró díẹ̀ yẹn sí i kó má bàa máa jó kiri láàárín òpó méjì. N kò ní parọ́ fún yín: bó bá ń ṣí lọ́wọ́, ẹni tó ń gbọ́ lè pàdánù ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, tí òpó tuntun bá sì ti kún, á tò sórí ìlà.

Kí ló wá dé tí mo fi fara mọ́ ọn? Ẹ tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, gbogbo ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ á gbọ́. Awakọ̀ tí omi ń wọ inú ọkọ̀ rẹ̀ kò ráyè wá nọ́ńbà. Èyí tó tún wù mí jù ni pé bí òpó kankan ò bá sí mọ́, wókì-tókì méjì tó wà nítòsí ara wọn ṣì lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Fóònù tí kò rí òpó, tọ́ọ̀ṣì ni.

Ẹnì kan sọ fún mi pé ìpínlẹ̀ Èkó ti fún wa ní 767 àti 112. Òótọ́ ni, nọ́ńbà tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ó dìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ń fẹ́ iná tàbí dísù. (Ẹgbin tó lè pèsè 1,320 megawatt wà nítòsí wa níbí, ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.)

Àwọn míì ní owó ni ìṣòro. Lọ́dún 2010, ìjọba àpapọ̀ bá ZTE ti ilẹ̀ Ṣáínà tọwọ́ bọ̀wé lórí ètò ìbánisọ̀rọ̀ fún àwọn agbófinró, mílíọ̀nù 470 dọ́là, àwọn aṣòfin sì ti wádìí ibi tí iṣẹ́ náà bá dé. Ohun tí mo ń bèèrè kò tó èékánná ìyẹn. Kò pọn dandan ká fi TETRA bẹ̀rẹ̀. Rédíò VHF lásán tí àwọn ọkọ̀ òkun ń lò, tí ìkànnì 16 rẹ̀ jẹ́ ti ìpè pàjáwìrì káàkiri àgbáyé, ti tó. Èyí tí omi ò lè bà jẹ́ ni kí wọ́n rà, kí ọ̀kan wà ní èbúté pẹ̀lú ẹni tó ń gbọ́ ọ. LASWA ń sọ pé kí gbogbo èrò wọ life jacket, ó sì dáa. Life jacket á jẹ́ kéèyàn léfòó, àmọ́ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé èèyàn ń léfòó níbẹ̀.

Mo bẹ tíṣà Físíìsì wa pé kí wọ́n jẹ́ ká fi èyí ṣe iṣẹ́ SS2 ní táàmù yìí. Ìwé kan so mọ́ ìsàlẹ̀ pátákó yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà, ẹ kọ aago tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ni, àti ibi tí ọkọ̀ dé nígbà yẹn. Tó bá ti pé ojú ewé mẹ́wàá, a ó fi lẹ́tà tẹ̀ lé e lọ sí LASWA.