Bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́: ẹ má jẹ́ kí wọ́n kánjú format laptop yín

1/ Ẹ̀yin ará Ìjù, Ọ̀tà àti Sángo, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Tí laptop tó ń lo Linux bá tàn tí ojú ẹ̀ wá dúdú, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín ni "skírìn ti kú" tàbí "ẹ jẹ́ ká format ẹ̀". Èmi ò gbà. Ká kọ́kọ́ ka ohun tí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ kọ sílẹ̀.

2/ Ẹ wo tèmi. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Ìjù, Ubuntu mi ń ṣe update, driver NVIDIA wà lára ẹ̀. NEPA mú iná lọ. Bátìrì mi ti bàjẹ́ tipẹ́, bó ṣe kú nìyẹn. Nígbà tí iná dé, mo tàn án, lógò yọ, lẹ́yìn náà òkùnkùn biribiri. Àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn oníbàárà màmá mi, odindi oṣù mẹ́jọ, wà nínú ẹ̀. Mi ò ní ẹ̀dà kankan.

3/ Mo gbé e lọ sí Sángo. Bọ̀dá tó gbà á lọ́wọ́ mi ò tẹ nǹkan kan. Ó ní tí kì í bá ṣe skírìn, a máa format ẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé: tí skírìn bá ti kú, báwo ni lógò ṣe yọ? Mo gbé laptop mi, ó di ilé.

4/ Mo tẹ Ctrl+Alt+F3. Ó béèrè orúkọ àti password. Áà! Kọ̀ǹpútà ò kú o. Apá tó ń gbé àwòrán jáde nìkan ló ṣubú. Mo wọlé, mo tẹ:

grep "(EE)" /var/log/Xorg.0.log

EE ni àmì àṣìṣe. Nínú kọ̀ǹpútà míì, ~/.local/share/xorg ni fáìlì náà máa ń wà.

5/ Ó ní òun ò rí module NVIDIA lò. Lẹ́yìn náà: "no screens found". Ẹni tó bá ka ìlà ìkẹyìn yìí nìkan á ní skírìn ti bàjẹ́. Irọ́ ni. Driver tí wọ́n ní kó lò ni kò rí, torí náà kò rí ibi tó máa gbé àwòrán sí. Iná tó lọ ló gé iṣẹ́ driver yẹn sí méjì.

6/ Mo tẹ "sudo dpkg --configure -a" kó lè parí iṣẹ́ tó dá dúró. Mo wá yí orúkọ /etc/X11/xorg.conf padà, fáìlì tí èmi fúnra mi dà kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́sí. Láyé àtijọ́, ọwọ́ lèèyàn fi ń kọ ọ́. Lónìí, X sábà máa ń dá skírìn mọ̀ fúnra ẹ̀. Mo tún un tàn, ó wọlé. Gbogbo gbèsè pé, títí kan ti àǹtí tó ń búra pé òun ti san.

7/ Tí Ctrl+Alt+F3 ò bá dáhùn: ní GRUB, ẹ tẹ e, ẹ fi nomodeset sí ìparí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú linux, kẹ́ ẹ tẹ Ctrl+X. Àwòrán ẹ̀ lè má dáa, àmọ́ ẹ máa lè kó fáìlì yín jáde.

8/ Lóòótọ́, skírìn máa ń kú. Tí lógò ò bá yọ rárá, ẹ fi HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Tí tẹlifíṣọ̀n bá gbé àwòrán, ẹ fura sí skírìn tàbí wáyà ẹ̀.

9/ Mi ò bá àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe jà. Format yá ju kíkà lọ, oníbàárà náà sì ń kánjú. Ṣùgbọ́n ta ni fáìlì ẹ̀ ń ṣègbé? Kẹ́ ẹ tó gbà, ẹ bi wọ́n pé: "Kí ni log sọ?" Tí wọn ò bá rí i dáhùn, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀.

10/ Màmá mi? Wọ́n ti ra ìwé àti bírò tiwọn. Wọ́n ní NEPA ò lè pa ìyẹn.