Ikú Yá J'Ẹ̀sín: Ta Ni Òwe Náà Ń Bá Wí?

Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ajah le débi pé èrò ọkọ̀ lè wo odidi fíìmù tán lórí fóònù kí dánfó tó kọjá Jákàńdè. Ẹlẹ́ṣin Ọba, tí Bíyì Bándélé darí, tí Netflix sì gbé jáde lóṣù Kọkànlá ọdún 2022, bá irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ mu. Inú eré Wọlé Ṣóyínká tó jáde ní 1975 ni ìtàn náà ti wá. Ẹni tó bá wò ó dé òpin kò ní ṣàì béèrè pé: ọmọ tó kú dípò bàbá rẹ̀ yìí, akin ni àbí ojo?

Ẹnu Yorùbá kì í pẹ́ fèsì: ikú yá j'ẹ̀sín. Àmọ́ ta ni wọ́n ń sọ fún?

Ẹni tó ti jẹ adùn oyè ni. Johnson, òpìtàn Yorùbá, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó bá lọ ogun gbọ́dọ̀ ṣẹ́gun láàárín oṣù mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkú rẹ̀ ni wọn yóò gbé wálé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ẹlẹ́ṣin inú eré náà. Ó jẹ, ó mu, ó wọ aṣọ tó wù ú, kò sẹ́ni tó ń fi nǹkan dù ú lọ́jà, torí gbogbo ìlú mọ̀ pé yóò bá ọba lọ. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó rí omidan kan, àfẹ́sọ́nà ọmọ Ìyálọ́jà, ó ní àfi kóun fẹ́ ẹ. Lóòótọ́, Pilkings, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, ló tì í mọ́lé, ṣùgbọ́n Ẹlẹ́ṣin fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ayé ti dùn mọ́ òun kí ọlọ́pàá tó dé. Olúńdé ọmọ rẹ̀, tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Ìlú Ọba, ló san gbèsè tí kò jẹ. Ìgbà tí bàbá rí òkú ọmọ ló tó gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Olúńdé kú kí ojú má bàa ti ìdílé. Ti bàbá, ojú ti tì í tán kó tó kú. Àkọ́kọ́ lágbára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà tí ìlú ì bá ní ló bá a lọ. Èkejì, sísá ni.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àròsọ lásán. Lẹ́yìn tí Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní ìparí 1944, òyìnbó dá Jinadu, Olókùn-Ẹṣin, dúró kó má bàa bá ọba lọ, Múránà ọmọ rẹ̀ sì kú dípò rẹ̀. Dúró Ládipọ̀ ti fi ìtàn náà ṣe eré Ọba Wàjà ṣáájú Ṣóyínká.

Lónìí, ajigbèsè ló ń fa òwe yìí mọ́ra jù. Àwọn ayánilówó orí fóònù kan a máa tẹ èébú ránṣẹ́ sí àna, ọ̀gá àti ọ̀rẹ́ ẹni tí kò tíì rí owó san. Irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ló gbé FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Ìkẹjà lóṣù Kẹta 2022. Ẹni tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún kò jẹ oyè, kò bá ìlú mulẹ̀. Òwe náà kò bá a wí rárá. Ayánilówó ló yẹ kójú tì.

Nítorí náà, bí aládùúgbò yín ní Ajah bá ń tún òwe yìí pa ṣáá nítorí owó, ẹ má fi ṣàwàdà, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ sì mú un lọ sílé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá.