Ọba Kì Í Gba Owó Orí: Ìkìlọ̀ fún Àwa Ọmọ Kétu

Àbá kan ń ti ẹnu dé ẹnu láàrin wa, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló bí i. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí ìjọba, kí a béèrè pé kí a gbé agbára ìṣàkóso lé Alákétu lọ́wọ́: kí ààfin máa pín ilẹ̀, kí ó máa gba owó ọjà, kí ó sì máa pàṣẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Kétu. Ohun tí ń dun àwọn tó dá àbá náà ń dun èmi náà. Kò yẹ kí akọ̀wé kékeré máa ránṣẹ́ pe ọba bí ẹni pe ajẹgbèsè. Síbẹ̀, tọkàntọkàn ni mo fi lòdì sí àbá yìí. Bí a bá gbà á wọlé, oyè tí a fẹ́ gbé ga ni a ó fi ọwọ́ ara wa wó lulẹ̀.

Orí ìgbàgbọ́ kan ni wọ́n gbé àbá náà kà: pé láyé àtijọ́, ọba nìkan ló ń ṣe ìjọba. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kábíyèsí ni à ń kí i, aláṣẹ èkejì òrìṣà ni à ń pè é, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé èyí ni pé kí ọba ṣe bó ṣe wù ú kò mọ àṣà ààfin. Ẹ wo Ọ̀yọ́. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méje ló ń yan Aláàfin. Àwọn náà ló sì lè kọ̀ ọ́, kí ó di dandan fún un láti gbẹ́mìí ara rẹ̀. Ògbóni tún wà lẹ́yìn wọn. Ní Kétu tiwa, ìdílé márùn-ún ló ń jẹ oyè Alákétu ní àyípo. Kò sí èyí tó lè sọ pé tòun nìkan ni ìtẹ́. Ohun tí ìlú bá ti gbìmọ̀ lé lórí ni ọba ń fi àṣẹ sí. Àṣẹ ọba ni òǹtẹ̀. Ọwọ́ àwọn ìjòyè ni iṣẹ́ wà.

Bí ìjọba ọba abẹ́ òfin ṣe ń ṣiṣẹ́ lóde òní kò jìnnà sí èyí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ ọba ni wọ́n fi ń ṣe ìjọba. Ọba ló ń pe ẹni tí ọ̀pọ̀ aṣòfin wà lẹ́yìn rẹ̀ láti wá ṣe olórí ìjọba. Ṣùgbọ́n olórí ìjọba àti àwọn mínísítà rẹ̀ ló ń ná owó, àwọn ló ń rán ológun jáde, àwọn náà ló sì ń dáhùn ìbéèrè nílé aṣòfin. Láti 1708, kò sí ọba tàbí ọbabìnrin níbẹ̀ tó kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin tí ilé aṣòfin ṣe. Ohun tó kù fún ọba ni kí a fi ọ̀ràn lọ̀ ọ́, kí ó gbani níyànjú, kí ó sì kìlọ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ni à ń bi léèrè. Bí kò bá rí èsì fún wa, a ó yọ ọ́. A kì í sì í yọ ọba bí ẹni yọ jìgá. Nítorí náà, iṣẹ́ tí a fi ń yọ ènìyàn kò yẹ kí a gbé e lé ọba lọ́wọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, kó wo ìtàn Kétu. Ogun Dahomey wó ìlú wa ní 1886. Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dahomey, ìlú tún dìde, Onyegen sì jọba ní 1894. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọba darúgbó, Faransé gbé iṣẹ́ ìjọba tiwọn wọ inú ààfin. Láàrin 1911 sí 1917, Alaba Ida, aya ọba, àti Yá Sègén ni wọ́n fi ṣe aṣojú wọn. Kí ni iṣẹ́ náà? Owó orí ni, iṣẹ́ àfipáṣe ni, kíkó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sógun àgbáyé ni. Gómìnà jìnnà; ààfin ni ojú àwọn ènìyàn tó, ààfin náà ni wọ́n bínú sí. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní 1889 kò sì jìnnà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kó ẹrù wọn, wọ́n sá lọ sí ìhà Mẹ́kọ. Èmi kò dá àwọn obìnrin méjèèjì lẹ́bi. Iṣẹ́ tí a gbé lé wọn lọ́wọ́ ni kò bá ààfin mu. Ṣé irú rẹ̀ ni a fẹ́ fi ọwọ́ ara wa bẹ̀ wá?

Kì í ṣe Kétu nìkan. Ní Swaziland, tó ń jẹ́ Eswatini báyìí, Ọba Sobhuza Kejì fagi lé òfin ìpilẹ̀ ní 1973, ó kó agbára gbogbo sọ́wọ́. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ fárígá ní 2021, ìtẹ́ ọba ni ìbínú wọn dojú kọ. Ní Lesotho, Ọba Letsie Kẹta lé ìjọba tí ará ìlú yàn kúrò ní oṣù kẹjọ ọdún 1994. Àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká dìde sí i. Kò tó oṣù kan tó fi dá ìjọba náà padà.

Ẹnìkan á ní, “Ṣé kí ọba wa wá di ère ni?” Rárá o. Ohun mìíràn sì wà tó yẹ kí a bẹ̀rù: kí ọba dákẹ́, kí àwọn tó yí i ká máa jayé lórúkọ rẹ̀. Baṣọ̀run Gáà ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀yọ́ fún nǹkan bí ogún ọdún. Ó ń fi ọba jẹ, ó ń fi ikú pa ọba, títí Aláàfin Abíọ́dún fi rẹ́yìn rẹ̀ ní 1774. Bí a ṣe ń dè ọba ni ká de ìjòyè.

Òfin ìpilẹ̀ ilẹ̀ Benin ti ọdún 1990 ti fi agbára ìṣàkóso lé Ààrẹ lọ́wọ́. Ní 2025, ilé aṣòfin ṣe òfin lórí oyè ìbílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ wa yóò bá kọ̀wé, ohun mẹ́rin yìí ni kí a béèrè.

Èkíní, kí mẹ́ẹ̀rì máa wá fi ọ̀ràn lọ ààfin kí ó tó fọwọ́ kan ilẹ̀ ojúbọ, igbó orò, tàbí ẹnu odi Àkàbà Ìdènà. Kí ó sì jẹ́ pé òun ló ń tọ ọba lọ. Èkejì, kí ìwé ilẹ̀ kankan má ṣe jáde lórúkọ ààfin láìsí ọwọ́ ìgbìmọ̀ ìjòyè níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí owó tí ìjọba bá ń fún ààfin jẹ́ ohun tí gbogbo ìlú mọ iye rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí ẹgbẹ́ òṣèlú má ṣe gbé àsíá rẹ̀ wọ ààfin, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ́ tí èmi náà ń dìbò fún.

Ẹni tó bá gba owó orí ni à ń bú nígbà tí owó bá ṣọ̀wọ́n. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ ọmọ wa lè dọ̀bálẹ̀ kí Alákétu láìsí ìbínú nínú wọn. Kádé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀.