“Am Coming”: Ẹ Yéé Fi Wọ́n Ṣe Yẹ̀yẹ́

Ní sáà tó kọjá, ọmọ kíláàsì wa kan kọ ọ́ sórí WhatsApp kíláàsì pé, “The department has changed it's timetable. Am still confirming.” Ìròyìn tó wúlò fún gbogbo wa ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kà á sí mọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ fèsì. Mo fi àmì ìràwọ̀ síwájú “its”, mo tún fi síwájú “I'm”, ni àwọn yòókù bá rọ́jò ẹ̀rín lé e lórí. Láti ọjọ́ náà, ọmọbìnrin yẹn kò kọ nǹkan kan síbẹ̀ mọ́. Tó bá ní ìbéèrè, ẹlòmíràn ló ń bá a béèrè.

Ó sì yẹ kí n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi tí mo ti ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè láti ọdún kẹrin wá.

Ẹ wo “am” ná. Fáwẹ̀lì inú “I'm” máa ń bẹ̀rẹ̀ bí a, á sì yọ̀ lọ parí bí i, nínú sílébù kan ṣoṣo. Èdè tiwa kò ní irú rẹ̀. Kódà, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn bá ń yára sọ̀rọ̀, ìparí yẹn lè pòórá. Ohun tí etí gbọ́ ni ọwọ́ kọ. Bákan náà ni “live” àti “leave”: i méjì ni Gẹ̀ẹ́sì ní níbẹ̀, ẹyọ kan ni àwa ní. Àwọn tí wọ́n bí sí London náà ń kọ “could of” dípò “could've”, nítorí pé bákan náà ni méjèèjì ń dún.

Ti “it's” gan-an ló dùn mọ́ mi jù. Wọ́n kọ́ wa pé àmì apostrophe ń fi ìní hàn: “Bola's book”, “the dog's tail”. Ó wá kan “it”, wọ́n ní ká má fi sí i. Ẹni tó kọ “it's tail” tẹ̀ lé òfin tí wọ́n kọ́ ọ ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ̀ kúrò lórí òfin ara rẹ̀. Tíṣà á ní “his” àti “hers” náà kò ní àmì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló ń ronú kan “hers” nígbà tó ń fi àtàǹpàkò tẹ fóònù nínú dáńfó?

Àmì náà kò tilẹ̀ bá Gẹ̀ẹ́sì wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni wọ́n ti mú un ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, láti fi hàn pé lẹ́tà kan ti jábọ́, bí àwa náà ṣe ń kọ “l'ọ́jà” kí àkọtọ́ òde òní tó ní ká kọ “lọ́jà”. Ẹ̀yìn ìyẹn ni lílò rẹ̀ fún ìní tó fìdí múlẹ̀. Nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà ti 1787, Abala kìíní, Ìsọ̀rí kẹwàá, “it's” ni wọ́n kọ síbi tí a óò kọ “its” sí lónìí. Kí ẹni tó bá láyà lọ fi àmì ìràwọ̀ síwájú ìyẹn. Ní 2001, oníròyìn kan tó ti fẹ̀yìn tì, John Richards, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní England láti dáàbò bo àmì yìí. Ní 2019, nígbà tó pé ẹni ọdún 96, ó tú ẹgbẹ́ náà ká.

N kò ní ká má tún un ṣe o. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ nílò rẹ̀, ẹni tó máa ka lẹ́tà náà kò sì ní gbọ́ ìtàn kankan. Ṣùgbọ́n ìkọ̀kọ̀ ni ká ti sọ ọ́. Àwa tí à ń rẹ́rìn-ín yìí náà, ẹ wo Yorùbá tí à ń kọ sórí WhatsApp kan náà: “oko” lásán, kò sí àmì lórí, kò sí nísàlẹ̀, kí òǹkàwé lọ wá bóyá ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ tàbí oko ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. “Am not angry,” ló fi dá mi lóhùn, ó sì béèrè bóyá wọ́n ti lẹ orúkọ àwọn alábòójútó pọ́rójẹ́ẹ̀tì mọ́ ògiri. Mo sọ fún un pé wọ́n ti lẹ̀ ẹ́.